Ta Ló Ń Gba Tíṣà Sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti oyè, kì í sì í ṣe ti òṣèlú. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ọmọ tálákà ń lọ.

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, a ti gbàdúrà tán, akọ̀wé ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó ṣáájú, ni àwọn ìyá mẹ́rin bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò jẹ́ kí akọ̀wé parí ohun tó ń kà. Wọ́n ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa kò ní tíṣà láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, pé ńṣe ni wọ́n da àwọn ọmọ náà mọ́ kíláàsì karùn-ún, tí wọ́n ń jókòó mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ńṣì ẹni méjì, tí àwọn tó kù sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń ta ẹ̀wà nídìí géètì ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ní iye ọjọ́ tí ọmọ òun ti wá bá òun nídìí ìkòkò ẹ̀wà ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ti ju ìka ọwọ́ méjèèjì lọ. Òmíràn ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun á lọ gbá hẹ́dímásítà létí, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Kì í ṣe pé ìbínú wọn kò tọ́. Àwa fúnra wa ti bínú bẹ́ẹ̀ rí, a sì fi odindi oṣù mẹ́jọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìtàn náà la fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ̀yin náà má bàa ṣe irú àṣìṣe wa.

Ẹ ó rántí ọdún 2017. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna fún àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìdánwò, wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kẹrin ni, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá gba 75 nínú 100 ti já. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Gómìnà Nasir El-Rufai kéde pé tíṣà 21,780 ló já nínú nǹkan bíi 33,000. Ìwé gbélé-ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, NUT, yan iṣẹ́ lódì ní oṣù kìíní ọdún 2018, ìjọba sì ní òun á gba tíṣà tuntun 25,000 rọ́pò wọn. Àwọn kan ní gómìnà ṣe ohun tó dára, pé tíṣà tí kò mọ iṣẹ́ kíláàsì kẹrin, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ? Àwọn kan ní ìkà ni. Ní tiwa, a ò tíì gbà á tán pé gbogbo ẹni tó já ni kò mọ nǹkan kan, nítorí a mọ̀ lára wọn tó kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ wa ní ìwé tí wọ́n fi wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ òní. Ohun tó kàn wá ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, kíláàsì mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ni kò ní tíṣà.

A kọ ìwé. Ẹ ò rí i bí a ṣe kọ ọ́ dáadáa, tí àwọn àgbà márùn-ún fọwọ́ sí i. A gbé e fún hẹ́dímásítà. Hẹ́dímásítà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó sì fi í sínú dúrọ́ọ̀. Oṣù méjì kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. A tún kọ òmíràn, a gbé e lọ fún Mai Unguwa. Bàbá náà dá wa lóhùn tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ, wọ́n ní àwọn á bá wa dá sí i. A tún gba ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀ lọ. Káńsẹ́lọ̀ tẹ́wọ́ gbà wá, ó fún wa ní páálí ṣọ́ọ̀kì méjì, a sì ya fọ́tò. Báyìí ni a ṣe gbé ṣọ́ọ̀kì wálé, tí kò sì sí ẹni tó máa fi í kọ nǹkan sára bọ́ọ̀dù.

Bàbá kan ló là wá lójú, ọmọ Ọ̀fà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n wá síbi ìkómọ kan, a jọ jókòó, a ń ro ẹjọ́ fún wọn. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n wá bi wá pé, “Ipele kelòó ni tíṣà tí ẹ ń wá?” A ò tiẹ̀ mọ̀ pé tíṣà ní ipele. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ ti ń bẹ gbogbo ìlú, ẹ ò tíì bẹ ẹni tó ni ín.”

Bó ṣe rí rèé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí òfin UBE ti wáyé ní ọdún 2004, àjọ UBEC wà ní Abuja, wọ́n ń wo gbogbo orílẹ̀-èdè. Àjọ SUBEB wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní LGEA, tí sẹ́kítárì ètò ẹ̀kọ́ jẹ́ olórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín agbára láàárín wọn nínú òfin ni pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ipele kìíní dé ìkẹfà jẹ́ ti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, láti ipele keje lọ sókè jẹ́ ti SUBEB. Ẹ wá wò ó: ìwé ẹ̀rí tó kéré jù lọ tí ìjọba fi ń gba tíṣà ni NCE, ẹni tó bá ní NCE, orí ipele keje ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ́fíìsì tó wà nítòsí wa lè gba ọdẹ, ó lè gba agbálẹ̀, ṣùgbọ́n tíṣà tí a ń sunkún pè, kò lè gbà á. Hẹ́dímásítà tí a ń bínú sí pàápàá, kò lágbára láti gba mẹ́sẹ́njà.

Àmọ́ o, ohun kan wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Àwọn ló ń ṣètò ibi tí tíṣà tó ti wà nílẹ̀ máa ti ṣiṣẹ́. Ẹ wo ilé-ẹ̀kọ́ tó wà létí títì ọ̀dà, tó sún mọ́ ọjà, tíṣà á kún ibẹ̀ fọ́fọ́, òmíràn á máa jókòó sábẹ́ igi nítorí kò rí kíláàsì kọ́. Ẹ wá rìn wọ àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, ẹ ó bá tíṣà mẹ́rin tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà. Bàbá ní kí a má béèrè tíṣà tuntun nìkan, torí ìyẹn lè gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí a béèrè pé kí wọ́n gbé tíṣà láti ibi tó ti pọ̀ jù wá sí ibi tí kò sí. Wọ́n ní kí a kọ iye ọmọ inú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí a kọ iye tíṣà àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kọ́, kí hẹ́dímásítà fọwọ́ sí i, kí alága ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i, kí a gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣọwọ́ sí SUBEB. Kí a má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa.

A ṣe bẹ́ẹ̀. Kí táàmù kẹta tó parí, tíṣà méjì ti dé, ọ̀kan láti ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí wa rárá. Ọ̀nà tí tíṣà náà gbà wá, kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Oṣù mẹ́jọ ni àwa fi wá a.

Ọmọ kan wà nínú àwọn tí kò ní tíṣà lọ́dún náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn. Nígbà tí kò rí ẹni kọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi ọlọ́rá ní gárééjì, kò sì padà wá mọ́. Ó ti dàgbà báyìí, ó ń wa kẹ̀kẹ́ Napep. Láìpẹ́ yìí ló dúró níwájú ilé wa, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì na ìwé kan sí wa pé kí a bá òun kà á. Ìwé ìtanràn tí àwọn agbófinró ojú pópó kọ fún un ni.

A ní alága ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ìwé wa. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìgbìmọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀bi àwa àlejò pọ̀ sí jù. SBMC ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2005 ni ìgbìmọ̀ àpapọ̀ orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i pé kí irú rẹ̀ wà ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní Kaduna níbí, ètò kan tí ìjọba Bìrìtìkó fi owó ṣe, ESSPIN, láti ọdún 2008 sí 2017, kọ́ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ àwọn olóyè nìkan. Òbí wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ní àyè tiwọn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kódà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fúnra wọn ní aṣojú. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n mọ tíṣà tó wá iṣẹ́ àti èyí tí kò wá, kí wọ́n jókòó ṣètò ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà nílò lọ́dún, kí wọ́n sì bojú tó owó tó bá wọlé. Wọn kò lè gba tíṣà, wọn kò sì lè lé e. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá ti ọwọ́ wọn jáde ní ìwúwo tí ìwé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kò ní.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ alága wọn ní ọdún 2018, ọmọ ìlú ni, ọmọlúàbí èèyàn. Ó wò wá títí, ó ní, “Ìdajì àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ọmọ yín ni. Ibo lẹ ti wà láti ọdún yìí wá?” Ojú tì wá. Èrò wa ni pé ìgbìmọ̀ àwọn onílẹ̀ ni. Kò sì sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, àwa la fi ẹnu ara wa sọ ọ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí a kì í fẹ́ sọ síta: àwa tí a ní agbára díẹ̀ ti kó ọmọ wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wá ku ọmọ alágbàṣe, ọmọ alákàrà, àti ọmọ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007. Àwọn wọ̀nyí kò ní àyè láti máa lọ sí ìpàdé. Àwa tí a ní àyè, a ò ní ọmọ níbẹ̀ mọ́.

Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bi wá pé kí ló fà á tí ìjọba fi ń kọ́ ilé tuntun tó ń dán gbinrin sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní tíṣà, pé kí ló dé tí wọn ò fi owó ilé náà gba tíṣà. Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, ìdáhùn sì wà fún un. Àpò owó méjèèjì yàtọ̀ síra. Òfin ọdún 2004 náà ní kí ìjọba àpapọ̀ ya owó tí kò dín ní 2% nínú àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ nínú owó ìrànwọ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé owó tirẹ̀ sílẹ̀, náírà kan sí náírà kan. Èyí tí kò bá gbé tirẹ̀ sílẹ̀, owó rẹ̀ á máa sùn sí Abuja. Ilé, bẹ́ńṣì, ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún tíṣà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń fi owó yìí ṣe. Kò sí owó oṣù nínú rẹ̀.

Owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú ìpín ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ń jáde. Òfin ìlú ti ọdún 1999 ní kí ìpín náà máa gba inú àpò kan kọjá ní ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó tíṣà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn tààrà. Inú àwọn èèyàn dùn. Ẹgbẹ́ NUT kò yọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́ra kí owó oṣù tíṣà má bàa há sọ́wọ́ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láti ọdún 1991 ni wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá, owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, àwọn tíṣà yan iṣẹ́ lódì títí ìjọba ológun fi gbà á padà ní ọdún 1993. Àbúrò wa kan wà ní kíláàsì kẹfà nígbà náà, iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n fi í sí kó má bàa máa rìn kiri. Télọ̀ náà ló sì ń ṣe títí di òní.

Àpò kẹta kéré, ṣùgbọ́n òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Owó tí àwọn òbí fúnra wọn ń dá ni. Lẹ́yìn tí a ti wọ ìgbìmọ̀ náà tán, ìjì ṣí òrùlé kíláàsì méjì lọ ní ọdún 2021. Àwọn òbí dá 500 náírà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní kí a fi san owó fún ọ̀dọ́ méjì tó ń bá wa kọ́ àwọn ọmọ láìgba owó oṣù, pé ọmọ lè kàwé lábẹ́ igi, kò lè kàwé láìní tíṣà. Àwọn kan ní òjò ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. A fa ọ̀rọ̀ náà fún ìpàdé méjì. Òrùlé ló borí, wọ́n sì ní kí èyí tó bá ṣẹ́kù jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ náà.

Nígbà tí ó di pé kí akápò sọ èyí tó ṣẹ́kù, akápò ka iye owó tó wọlé, ó ka iye tó jáde, ó ní kò ku nǹkan kan. Àwọn obìnrin ní kó mú rìsíìtì wá. Ó mú u wá. Ìyálájé kan tó ń ta ohun ìkọ́lé ní ọjà gba rìsíìtì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, páànù àti igi la rà, ibo la ti po sìmẹ́ǹtì?” Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ká má purọ́, akápò náà, ọmọ wa ni, Yorùbá ni. A ti ń pariwo pé wọn ò jẹ́ kí a wọ ìgbìmọ̀, ẹni tí a kọ́kọ́ fà kalẹ̀ ló ṣe báyìí fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi san owó náà padà, a sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni méjì tí wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan náà ló ń fọwọ́ sí ìwé owó ní báǹkì, wọ́n sì ń lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì hẹ́dímásítà, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká tún fi kan ti èdè, torí ìwé tí ẹ ń kọ sí wa lórí rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan nínú wa lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa fi Hausa kọ́ ọmọ àwọn ní kíláàsì kékeré. Ìgbìmọ̀ ní agbára àwọn kò dé ibẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ọdún 1977 tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti kọ́kọ́ jáde ló ti wà níbẹ̀ pé kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ àwọn ọmọ kékeré, èdè àdúgbò wa níbí sì ni Hausa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ tún ní kó jẹ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ. Inú àwọn kan nínú wa dùn sí èyí. Tiwa kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ló fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, àwọn ọmọ náà sì mọ̀wé, wọ́n mọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Bó ti wù kó rí, Abuja ni wọ́n ti ń ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe fún wa ni pé wọ́n yá wa ní kíláàsì kan láàárọ̀ Sátidé láti máa fi kọ́ Yorùbá. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe ni pé kí a gbá ibẹ̀ kí a tó lọ, kí a san owó bẹ́ńṣì tó bá dá, kí a má sì lé ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Hausa mẹ́ta ló ń wá síbẹ̀ báyìí. Ọ̀kan nínú wọn ti ń ka oókan dé ọgọ́rùn-ún láìkọsẹ̀, èyí tí ọmọ akọ̀wé wa kò tíì lè ṣe.

Ìbéèrè kan kù tí ẹ̀rù ń bà wá láti dáhùn: bí SUBEB bá fẹ́ gba tíṣà, ṣé wọ́n lè gba ọmọ tiwa? Òfin ìlú, abala 42, kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n fi ẹ̀yà tàbí ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ wá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Òfin UBE sì ní gbogbo ọmọ ló ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà, kò béèrè ọmọ ibo ni. Ṣùgbọ́n a ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ kò sí. Ní ọdún 2006, àjọ Human Rights Watch kọ odindi ìwé lórí rẹ̀, wọ́n sì mẹ́nu kan Kaduna níbẹ̀. Àwa náà ti gba fọ́ọ̀mù rí ní ibì kan tó jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí náà ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kan a ka àwọn ọ̀dọ́ wa tó ní NCE lọ́wọ́. Méje ni wọ́n. A bi wọ́n pé mélòó ló kọ fọ́ọ̀mù nígbà tí ìjọba kéde iṣẹ́ tíṣà gbẹ̀yìn. Ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́fà tó kù ní wọn ò ní gba àwọn. Ta ló sọ fún yín? Wọ́n ní bàbá àwọn ló sọ ọ́. A ò mọ̀ bóyá wọ́n ì bá gbà wọ́n. Ẹyọ kan tó kọ ọ́ kò rí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ní fọ́ọ̀mù tó lè gbé jáde bí a bá fẹ́ bá wọn sọ ọ̀rọ̀, àwọn mẹ́fà kò ní nǹkan kan.

Tíṣà ò sì pọ̀ láti fi ṣòfò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ tún dá tíṣà 2,357 dúró lẹ́yìn ìdánwò mìíràn. Àwọn kan ń fẹ̀yìn tì, àwọn kan ń kú. Tíṣà kíláàsì kẹrin tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ń sọ, ó fẹ̀yìn tì ni, gbogbo wa la sì mọ̀ láti ọdún tó kọjá pé àsìkò rẹ̀ ti tó. A jẹ ìrẹsì níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè pé ta ló ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ gbá hẹ́dímásítà létí. A ní kí ìyá ẹlẹ́wà jẹ́ aṣojú àwọn obìnrin wa nínú ìgbìmọ̀ náà, nítorí àyè kan ṣófo. Ó ní òun ò kàwé. A ní ṣé o mọ owó kà? Ó ní ta ni kò mọ owó kà? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó dúró nídìí géètì láràárọ̀, ó ka ọmọ kíláàsì kẹrin àti karùn-ún bí wọ́n ṣe ń wọlé, iye tó kà yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú rẹjísítà, tirẹ̀ ló sì tọ̀nà. Iye tó kà la kọ sínú ìwé. Hẹ́dímásítà fọwọ́ sí i, alága fọwọ́ sí i, òun náà tẹ ìka. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé e lọ, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa.

Ọ̀rá ló fi wé ẹ̀dà náà kí òróró má bàa kàn án, abẹ́ àwo ẹ̀wà ló ń gbé e sí. Ọjọ́ Tọ́sìdeè tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ tún máa pàdé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, nínú kíláàsì kẹrin. Ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀ kó wá, ẹni tí kò ní kó wá pẹ̀lú.